Orin Tó Wà Lẹ́yìn Ìwé Ìdánwò

Ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń jó ìwé. Nílé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti ṣe tíṣà ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín àwọn ọdún 1980, èmi ni wọ́n fi ṣe alábòójútó ìwé ìdánwò. Kò sí ẹni tó du iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣe ìdánwò tán, tí olùkọ́ sì ti máàkì rẹ̀, a ó so ìwé wọn ní ìdìpọ̀-ìdìpọ̀, a ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù fún ọdún mẹ́ta, nítorí òbí tó bá fẹ́ wá jà pé wọ́n rẹ́ ọmọ òun jẹ. Bí ọdún mẹ́ta bá pé, ó di jíjó. Mo ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tí mo fi rúlà fa ìlà sí: kíláàsì, ọdún, ìdìpọ̀ mélòó, ọjọ́ tí mo jó o. Mo máa ń wo bébà òkè pátápátá nínú ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí n rí i pé ó bá ohun tó wà nínú ìwé mi mu, kí n tó jù ú sínú kòtò tó wà lẹ́yìn igi kaṣú. Mi ò kì í yí bébà padà. Kí ni mo fẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀?

Ọ̀gá tó ń kọ́ àwọn ọmọ lórin wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Ọmọ Ayépé ni. Katikísì ni baba rẹ̀ níbẹ̀, inú ṣọ́ọ̀ṣì baba rẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan dùùrù, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kan ilẹ̀ bó bá jókòó. Nígbà tí mo ń sọ yìí, ó ku ọdún méjì péré kó fẹ̀yìn tì. Ọdọọdún ló ń kọ eré olórin kan fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí èmi náà ti wà lára àwọn akọrin. Àwọn èwe òde òní rò pé kí akọrin dúró gbọnrangandan kí wọ́n máa wo ìwé ni mò ń sọ. Rárá o. Ìtàn ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Ìyàwó á fi orin bá ọkọ jà, dírẹ́bà á fi orin pe èrò. Àwọn ará Ìbefun àti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin á wọ mọ́tò wá wò ó, bí wọ́n bá sì ń padà lọ, orin òpin ni wọ́n á máa kọ nínú mọ́tò. Irin kékeré oníka méjì kan kì í kúrò nínú àpò òkè ẹ̀wù rẹ̀. Á gbá a mọ́ orúnkún, á gbé e sétí, á ní, "Dò nìyí," kò sì sí ẹni tó máa jiyàn.

Ohun kan bà á nínú jẹ́ ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo ń sọ. Akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ní òdìkejì ìlú kọ orin òpin eré rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣáájú ìkórè tiwa. Ẹnì kan ló dúró sẹ́yìn fèrèsé nígbà tí a ń fi dánrawò, tó jí i gbọ́. Láti ìgbà náà ló ti pinnu pé òun ò ní fi orin òpin kọ́ ẹnikẹ́ni títí di ọ̀sẹ̀ tó bá kẹ́yìn.

Eré ti ọdún náà, Ìyá Etí Ọ̀nà ló pè é. Obìnrin kan ni ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, kò sì kọ lẹ́tà. Ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, ìyá á gbé àpótí síta, á jókòó sétí ọ̀nà, á máa wo gbogbo mọ́tò tó bá dúró. Ní òpin eré, ọmọ náà dé, ìyá ò sì kọ́kọ́ dá a mọ̀. Orin tí ìyá máa kọ nígbà tó bá ń wo àjèjì tó sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà yìí ni orin òpin. Gbogbo wa la mọ ibi tí ọ̀gá ti mú ìtàn náà, bí kò tilẹ̀ sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ni òun àti ìyàwó rẹ̀ bí. Amẹ́ríkà ló wà, ó ti tó ọdún mẹ́rin tí wọ́n ti gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn.

Mo máa ń gbọ́ ọ láti inú yàrá mi tó bá ń hùn ún lábẹ́ èémí bó ṣe ń kọ ọ́. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà míì á wá yá kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi, á ní òun fẹ́ wo èsì ọmọ kan. Mi ò béèrè ọmọ wo. Ó yẹ kí n béèrè.

Ọjọ́ Ẹtì kan ní oṣù Kẹsàn-án, mo kó ìdìpọ̀ mẹ́ta láti ìpele ìsàlẹ̀, ti kíláàsì kẹta. Ọdún mẹ́ta wọn ti pé. Mo wo bébà òkè, mo fa ìlà sí i nínú ìwé mi, mo jó wọn. Atẹ́gùn dára lọ́jọ́ náà, wọ́n tètè jó.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọ̀gá ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dùùrù kí a tó kọ orin ìkẹyìn tán. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù kí wọ́n tó gbé e wálé. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí i nílé, ìyàwó rẹ̀ pàdé mi ní fàráǹdà, ó fà mí jókòó.

"Àbúrò mi, mo ti ń retí ẹ. Ìwé orin òpin yẹn ńkọ́? O ti bá mi mú un wá?"

"Ìwé wo, mà?"

"Háà! Kò sọ fún ẹ? Ẹ̀yìn ìwé ìdánwò àtijọ́ ló ń kọ ọ́ sí. Bébà wọ́n lóde, àwọn olè orin sì pọ̀. Ó ní inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ, nísàlẹ̀ pátápátá, láàárín ìwé kíláàsì kẹta. Ẹ̀rín ló ń rín nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní ta ló máa wá orin lọ síbẹ̀? Ó ní kò síbi tó dáa tó ibẹ̀, torí ìwọ lo ni kọ́kọ́rọ́, o ò sì kì í jẹ́ kí nǹkan sọnù."

Mo di etí àga mú. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Màá wá a, mà."

"Wá a o. Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí ìkórè." Ó wá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ sún mọ́ mi. "Tètè gbọ́ èyí kó o tó wọlé. Dókítà ní bí ohunkóhun bá bà á lọ́kàn jẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tún ru bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, a ó pàdánù rẹ̀. Ẹ̀rín ni kó o gbé wọlé. Ẹ̀rín nìkan."

Mo gbé ẹ̀rín wọlé. Ọ̀gá dùbúlẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò wo ojú mi. Báàgì mi ló ń wò.

Láti ibẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ ni mo gbà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ Sátidé ni. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìpele ìsàlẹ̀ ṣófo, eruku nìkan ló fi ibi tí ìdìpọ̀ mẹ́ta wà tẹ́lẹ̀ hàn. Mo mú ìwé àkọsílẹ̀ mi, mo sì rí i níbẹ̀ ní ọwọ́ ìkọ̀wé tèmi, ó mọ́, ó tọ́: ìdìpọ̀ mẹ́ta, mo ti jó o. Mo lọ sí ìdí kòtò. Òjò ti rọ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo fi igi tú eérú náà, mo fi ọwọ́ tú u, títí mo fi rí igun bébà kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Lójú rẹ̀, ìdajì ìdáhùn ọmọ kan nípa ewé àti gbòǹgbò. Lẹ́yìn rẹ̀, ní ọwọ́ ìkọ̀wé ọ̀gá: sò ti ìsàlẹ̀, là, dò. Lẹ́yìn dò, ibi tí iná jẹ dé ló kù.

Mo fi bébà náà sáàárín ìwé orin mi. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ohun ìyanu kan ṣẹlẹ̀ nílé náà. Mo dé fàráǹdà, mo gbọ́ ohùn ọkùnrin tó ń kọrin nínú yàrá. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú rẹ̀.

"Kò lè sọ 'omi,'" ló wí, "ṣùgbọ́n ó lè fi kọrin! Láàárọ̀ yìí, ó kọrin béèrè omi, ó kọrin béèrè ìkọ́kọrẹ́, ó tún kọrin bú mi pé iyọ̀ kò tó. Ilé wa ti di eré olórin, àbúrò mi."

Dókítà ní òun ti rí irú rẹ̀ rí. Ó ní bí àìsàn náà bá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn, ó lè fi orin sílẹ̀ fún un. Ìrètí sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Bó bá lè kọrin, ó lè kọ orin òpin náà fún mi láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo fa àga sún mọ́ ibùsùn, mo dọ́gbọ́n.

"Ọ̀gá, a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ orin òpin. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ fún mi kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó mi orí. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó nà án sí apá ibi tí ilé ẹ̀kọ́ wà, ó sì fi ohùn tó rẹlẹ̀ kọ ọ́ lórin pé, "Ó wà nínú ìwé. Ó wà nínú ìwé." Ó tún wo báàgì mi.

Báyìí ni mo ṣe wà láàárín ohun méjì. Bí mo bá sọ òtítọ́, mo lè fi ẹnu ara mi pa á. Bí mi ò bá sọ ọ́, orin náà á bá a lọ, èmi ni mo sì jó o. Mo jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn kí ohun gbogbo ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko mi ò mọ ibi tí màá gbé ọkàn mi sí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ, mo ń gbàgbé ohun tí mo ń kọ sójú pátákó. Bí ẹnikẹ́ni bá sáré wọ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, mo rò pé wọ́n wá sọ pé ọ̀gá ti kú ni. Bí mo bá sì dé ilé rẹ̀ tó ṣì wà láàyè, ẹ̀rù mìíràn á mú mi, nítorí èémí rẹ̀ ń kúrú sí i, orin tó ń kọ sì ń kúrú bákan náà.

Ní ibi ìdánrawò, àwọn akọrin ti mọ gbogbo orin yòókù. Télọ̀ kan tó jẹ́ olórí àwọn olóhùn ìsàlẹ̀, ẹni tí kì í lè dákẹ́ ìṣẹ́jú kan, yíjú sí mi níwájú gbogbo èèyàn.

"Tíṣà, ìwé orin yẹn dà? Àbí ẹ ti fún ẹlẹ́pà kó fi di ẹ̀pà?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ má dá Tíṣà lóhùn," ni obìnrin kan wí. "Tíṣà tó máa ń ka ṣọ́ọ̀kì kó tó wọ kíláàsì! Ẹ̀pà kẹ̀?"

"Mo ń ṣeré ni," télọ̀ dáhùn. "Tó bá wà lọ́wọ́ Tíṣà, ó wà nínú ààbò."

Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn.

Ọjọ́rú kan lọ́sàn-án, nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo dé, mo sì bá ọ̀gá tó ń gbìyànjú láti kọrin béèrè omi. Ohùn kò jáde. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gbìyànjú kó tó jáde. Mo fún un ní omi mu. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé, mo ń gbọ́ ìró ṣíbí rẹ̀ nínú ìkòkò. Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, mi ò ní sọ ọ́ mọ́. Mo ṣí ìwé orin mi, mo yọ igun bébà tó jó náà, mo gbé e sórí aṣọ ìbora, níwájú ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Ọ̀gá," ni mo wí, "èmi ni. Mi ò yí i padà wò. Mo jó gbogbo rẹ̀."

Ó wo bébà náà. Ó wò mí. Lẹ́yìn náà ó pa ojú dé.

Mo dúró. Àyà rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan, ó wálẹ̀. Mo ń retí kó tún gbéra. Mo gbọ́ aago ara ògiri. Mo wo ọrùn rẹ̀, mi ò rí ohun tó ń mì. Mo pè é, kò dáhùn. Mo fọwọ́ kàn án léjìká, kò ṣí ojú. Mo ronú pé, ó ti tán. Mo ti pa á. Ni mo bá pariwo. Mi ò mọ ohun tí mo ń sọ, àfi kí n máa pe "Mà! Mà! Ẹ gbà mí o!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ìkọ́kọrẹ́ ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀.

"Kí lo ṣe? Kí lo sọ fún un?"

Kí n tó la ẹnu, ohùn kan ti orí ibùsùn wá, ó rẹlẹ̀, inú sì ń bí i. Ojú rẹ̀ ṣì wà ní pípadé. Ó kọ ọ́ lórin, bí ìgbà tó ń bá àwọn ọmọ aláriwo wí ní kíláàsì:

"Ta ló ń pariwo? Mò ń rántí."

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ́kọrẹ́ tó dà sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mú bébà náà lórí aṣọ ìbora, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì mọ̀.

"O jó o," ló wí. "O sì ń wò mí lójú láti ọjọ́ yìí pé o ń wá a."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ó lọ mú aṣọ, ó nu ilẹ̀, ó yà mí sílẹ̀ bó ṣe ń nù ún, bí ẹni pé àga ni mí. Oṣù mẹ́ta ni kò fi pè mí ní àbúrò. Tíṣà ló ń pè mí.

Ọ̀sán mẹ́rin ni ọ̀gá fi kọ orin náà fún mi. Mo ra ìwé tuntun. Á kọ ìlà kan, á sinmi, èmi á kọ ọ́ padà fún un. Bí mo bá ṣì í, á gbé ìka òsì sókè. Bí èémí rẹ̀ bá kúrú, mo ń bẹ̀rù pé orin ló ń gbà á, mo sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró di ọ̀la. Kò gbà. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà tó ń ṣà. Mi ò rò pé ó ṣà ju ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀wà kan lọ ní gbogbo ọ̀sán mẹ́rin náà.

Ọ̀sán kejì ni mo ti ṣàkíyèsí ohun kan. Orin tí mo gbọ́ láti inú yàrá mi máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, igun bébà tó jó náà sì jẹ́rìí sí i: sò ti ìsàlẹ̀, là, dò. Èyí tó ń kọ fún mi bẹ̀rẹ̀ láti òkè pátápátá, bí igbe, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohùn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo rò pé àìsàn ló mú un gbàgbé. Nígbà tó parí, mo fi bébà náà hàn án, mo rọra ní, "Ọ̀gá, kì í ṣe bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ nìyí."

Ó wò ó pẹ́. Ó fi ìka tì í padà sọ́dọ̀ mi, ó sì kọ ọ́ lórin pé:

"Ìyẹn ti pẹ́. Ìyá yẹn kò tíì mọ ẹ̀rù nígbà yẹn."

Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó rẹ̀ ti dá iṣẹ́ ẹ̀wà dúró, ọ̀nà ìta ló kọjú sí.

A ṣe eré náà ní ọjọ́ ìkórè. Wọ́n gbé ọ̀gá wá lórí àga, wọ́n gbé e síwájú. Nígbà tí obìnrin tó ṣe ìyá gbé igbe orin òpin náà sókè, ilé dákẹ́ débi pé a gbọ́ mọ́tò ní títì. Télọ̀ tó ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ ń sunkún, kò sì tijú. Mo wo ọwọ́ òsì ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìka rẹ̀ kò gbéra. Kò tíì di Ọdún Àjíǹde tó tẹ̀ lé e tó fi kú. Ọmọ rẹ̀ wálé fún ìsìnkú. Ìyá rẹ̀ dúró sẹ́nu géètì, ó wò ó pẹ́ kó tó na ọwọ́ sí i.

Orin náà ṣì wà láàyè. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Ìbefun, wọ́n ń kọ ọ́ ní Ìmùṣin, àwọn ará Ayépé sì ní tiwọn ni. Nítorí pé òkè ló ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n rò pé orin ayọ̀ ni, wọ́n ń sáré kọ ọ́, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. Níbikíbi tí wọ́n bá ti pè mí, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n rọra. Mo máa ń sọ fún wọn pé obìnrin náà kò tíì mọ ẹni tó dúró níwájú òun. Wọ́n á ní, "A dúpẹ́, Màmá Tíṣà." Ní ọdún tó bá tẹ̀ lé e, wọ́n á tún sáré.

Láti ọjọ́ náà, mi ò jó bébà mọ́. Ilé mi kún fún un, àwọn ọmọ mi ń ráhùn. Bí ìwé iná mànàmáná tàbí ìwé ìkésíni bá dé ọwọ́ mi, màá yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí n tó gbé e sílẹ̀. Igun bébà náà ṣì wà nínú ìwé orin mi. Nígbà míì, bí ilé bá dá, mo máa ń hùn ún: sò, là, dò. Mo dúró níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ ní ọjọ́ púpọ̀ láti inú yàrá mi, kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ ọ. Mo ń gbìyànjú láti lọ síwájú, àyà mi á sì máa já bíi ti ọjọ́ tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Lẹ́yìn dò, mi ò mọ ibi tó gbà.